Eruku Tí Kò Sanwó Ọkọ̀

Ẹ bá mi kí eruku Adó-Èkìtì kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ a máa dáṣẹ́ sílẹ̀, oníbáǹkì a máa ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Jimọ̀ bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Eruku ní tirẹ̀ kì í gbàsinmi, kì í béèrè owó oṣù, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ká ní èèyàn ni, wọn ì bá ti wé láwàní oyè lé e lórí. Ó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé tí mo bá bá a lórí tábìlì báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ kí i kí n tó nù ún.

Ohun tó da èmi pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ ni ọkọ̀ kan tí kò gùn tó bàtà mi.

Píjò 504 ni. Ẹ̀yin tí irun funfun ti ń yọjú lágbọ̀n yín mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1968. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná. Láti ìgbà náà, ẹ wá ilé kan fún mi ní Èkìtì tí wọn ò ti ní ìtàn 504 láti sọ. Òun ló gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun ló gbé òkú wálé láti Èkó, òun ni awakọ̀ ń ki èrò mẹ́rin sí lẹ́yìn títí ìbàdí mẹ́rin á fi di ẹyọ kan ṣoṣo. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi tèmi ránṣẹ́. Ike ni, wẹ́wẹ́ nínú páálí: ara ọkọ̀ lọ́tọ̀, bọ́ńpà lọ́tọ̀, táyà lọ́tọ̀, tí èèyàn á fi gáàmù lẹ̀ pọ̀, tí á sì fín ọ̀dà sí fúnra rẹ̀. Wọ́n dín in kù lọ́nà 24. Ojúlówó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà mẹ́rin àbọ̀. Tèmi ò pé sẹ̀ǹtímítà 19.

Ará ilé ò yé béèrè. "Ṣé fún ọmọ yín ni?" Ọmọ mi ti di àgùnbánirọ̀ ní Sókótó. Mo máa ń dáhùn pé, "Módẹ̀lì ni, kì í ṣe tọ́ì." Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Bàsírì á wò mí tàánútàánú, á ní, "Ó dáa, Bàbá Módẹ̀lì." Orúkọ tí mò ń jẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ náà. Bàbá onílé gan-an ń fi pè mí bí owó ilé bá ti tó gbà.

Funfun ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi jẹ́. Sátidé kan ni, nínú oṣù January, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè. Mo gbé ara ọkọ̀ kọ́ ọrùn ìgò mínírà, mo mi agolo ọ̀dà títí apá fi ń ro mí, mo sì fín in: sààà, sààà. Háà! Ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo wọlé lọ jẹun. Nígbà tí mo fi máa padà, èrò ti wọ ọkọ̀.

Èrò rẹpẹtẹ. Ọ̀kan gun orí òrùlé, ó jókòó gbàgẹ̀dẹ̀ bí òkè Olósùnta lórí ìlú Ìkẹ́rẹ́; èkejì tó kéré sí i jókòó tì í bí Orólè. Òmíràn na gbọọrọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó jẹun yó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sanwó ọkọ̀.

Ẹ lè ní, "Eruku bíńtín yẹn náà?" Ẹ bá mi ṣírò. Ẹni tó ń kun ojúlówó ọkọ̀ lè fojú fo èyí tó kéré. Lára tèmi, ohun gbogbo ló ń di ìlọ́po 24. Eruku tó fẹ̀ ní ìdámẹ́wàá mílímítà, tí ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, á di ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà méjì àbọ̀ lára ọkọ̀ gidi. Ìyẹn ni pé ẹnì kan da gààrí sórí 504 nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Irun ìpéǹpéjú kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan á di okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24. Kí èèyàn gba ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ péńtà, kí ó bá okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ lábẹ́ ọ̀dà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí péńtà sì ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀, tó bá gbẹ kò ní hàn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni pé ọmọ Èkìtì ni mí. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan bò bíi tiwa. Ẹ sáà wo iyán. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó délé ayé tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, wọ́n ti jù ú sínú kúlà, wọ́n ti dé e, wọ́n tún ti fi aṣọ bo orí ìdérí. Àlejò tó bá ṣí kúlà náà láìtọrọ àyè, ìjà dé. Eṣinṣin tó bá máa bà lé iyán ní Adó gbọ́dọ̀ ní mọ̀lẹ́bí nínú ilé yẹn. Àwa tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, àwa tí a mọ iyán bò tó báyìí, ọmọ wa kan náà ló fín ọ̀dà sí ọkọ̀, tó gbé e sí gbangba, tó wọlé lọ jẹ iyán. Iyán wà nínú kúlà, ọkọ̀ wà nínú eruku. Ẹ má wo ẹ̀gbẹ́ yín o, èmi ni mò ń bú.

Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, torí kò ní lọ́yà. Láti oṣù November títí wọ February ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibi tó ti ń kó ẹrù jù lọ ni Bodélé ní ilẹ̀ Chad, kòtò ilẹ̀ gbalasa kan tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá láyé àtijọ́ kí omi tó gbẹ níbẹ̀. Àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí èrò ọjà ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà tóóró, tí á sì máa gbá ilẹ̀ Bodélé gbálọ gbálọ. Ẹ wo ìrìn-àjò! Eruku gbéra ní Chad, kò ní ìwé ìrìnnà, kọ́sítọ́ọ̀mù ò tú ẹrù rẹ̀ wò, àwọn tó ń fi igi dínà ò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá Kánò, ó kọjá Lọ́kọ́ja, ó balẹ̀ sí Adó, ara rẹ̀ sì le koko. Èmi tí mo bá wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, tí gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ, egungun ẹ̀yìn mi á ti pààrọ̀ ipò kí n tó dé ilé.

Mo ti dá ẹjọ́ tán, mo ti fẹ́ ju ọyẹ́ sẹ́wọ̀n, ni mo bá tún ìṣirò ṣe, ìtìjú sì mú mi. Eruku tó máa fò láti Chad dé Èkìtì gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Èyí tó wúwo ti já bọ́ lójú ọ̀nà tipẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú igba ìdá mílímítà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdámẹ́wàá mílímítà lọ lára ọkọ̀ gidi. Ó lè mú kí dídán ọkọ̀ ṣá, àmọ́ kò lè di Olósùnta láéláé. Àwọn èrò tí mo bá lórí ọkọ̀ mi ti sanra jù fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ará ilé ni wọ́n.

Ọwọ́ ọyẹ́ ò kúkú mọ́ tán. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ike gba iná mọ́ra. Ẹ rántí bí súwẹ́tà ṣe ń ta pàrà-pàrà tí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́ ọyẹ́, tí irun apá á dìde dúró bí ìgbà tí Kábíyèsí ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ike ṣe ń rí tí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Èmi onímọ̀ọ́tótó, kí n tó fín ọ̀dà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni mo fi ń fi aṣọ gbígbẹ nu ọkọ̀ mi, mò ń nù ún, mò ń fẹnu fẹ́ ẹ. Mo rò pé mò ń lé eruku lọ ni. Àṣé ìwé ìpè ni mò ń há fún wọn. Ike tí wọ́n nù báyẹn a máa fa òwú mọ́ra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó ṣe ń fa ìbátan. Omi ọṣẹ ló yẹ kí n fi fọ̀ ọ́, kí n fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí n fi nǹkan bò ó kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí n sì fi aṣọ tó rin díẹ̀ pa á lára kí n tó gbé agolo. Èyí tí mò ń fẹnu fẹ́ yẹn ńkọ́? Itọ́ ló ń bá a lọ.

Ìyá Ìbejì ni mo wá dojú kọ. Obìnrin yìí ń gbálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìṣúra wà nísàlẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti dé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó tún dé. Eruku ò kúrò nínú ọgbà wa o, ó kàn ń kó lọ kó bọ̀ ni: láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ló wà; tó bá fi máa di aago méje, ó ti háyà yàrá lọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bá mi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ fín ọ̀dà."

Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Módẹ̀lì, kí àlejò wá bá ilé wa bí ibi tí adìẹ ti jà, torí tọ́ì?"

"Módẹ̀lì ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Ẹ wí fún módẹ̀lì kó wá gbálẹ̀."

Inú bí mi. Mo gbé ọkọ̀ mi, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá péńtà kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyìn. Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wa ń pè é, àmọ́ igi mẹ́rin àti páànù márùn-ún ni. Ọ̀kadà ń kọjá lápá ọ̀tún, ewúrẹ́ ń kọjá lápá òsì, ìyá kan ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú tí eérú ń fò bí labalábá, kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ń ké bí ẹni tí gbèsè ká mọ́. Síbẹ̀, ẹ wo Kámírì dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí níbẹ̀: èèyàn lè fi ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe dígí kó fi fá irùngbọ̀n.

Ọ̀gá péńtà gba ọkọ̀ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n wá wo kọ́sítọ́mà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń dún?" Ọmọṣẹ́ kan béèrè bóyá ó ti gba nọ́ńbà. Òmíràn ní bóyá òun lè bá wọn gbé e lọ fọ̀, nínú ife tíì. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Sà, ṣé ẹ da omi sílẹ̀ kí ẹ tó fín in?"

"Omi kẹ̀?"

"Ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣé ẹ rò pé òwe lásán ni, sà? Àwa péńtà ni wọ́n ń bá wí."

Ẹnu mi wọhò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, tí mo ti ń fi gba àwọn ọmọdé níyànjú, tí mo sì ti fi jókòó níwájú àna. Kò sí ọjọ́ kan tí mo rò pé omi gidi ni, pé ilẹ̀ gidi ni. Ilẹ̀ tó tutù á di eruku mú, kò ní lè gbéra bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá fi ọwọ́ hàn mí: abẹ́ Kámírì yẹn ṣì tutù rinrin, wọ́n ti wọ́n omi yí i ká kí wọ́n tó tan kọ̀ǹprẹ́sọ̀. Ó ní òun kì í gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá máa fín ọ̀dà, ọjọ́ tó ṣáájú ni òun ń gbá a. (N kò sọ èyí fún Ìyá Ìbejì. Kò yẹ kí a máa fún ọ̀tá ní ohun ìjà.) Ó ní ìdájí, kí ọ̀kadà tó pọ̀ lójú ọ̀nà, ni òun ń fín kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń mú ọkọ̀ dán. Ó tún ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni ogun wà: bí ojú ọ̀dà bá ti lè gbẹ díẹ̀, eruku tó bá bà á kò ní lè rì wọlé, á kàn jókòó lókè bí àlejò tí wọn ò fún ní omi mu.

Ọ̀rọ̀ kó tètè gbẹ yìí ti pẹ́ tó ti ń da àgbà láàmú. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1923, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kíkun ọkọ̀ ń gbà ní Amẹ́ríkà kí gbogbo ipele ọ̀dà rẹ̀ tó gbẹ tán. Ẹ gbé ìyẹn wá sí gbangba Ìjìgbò ní Adó níbí, nígbà tí wọ́n ń kọ́ bíríjì àárín ìlú tó parí lọ́dún 2018. Ọkọ̀ tó bá wọlé ní funfun á jáde ní àwọ̀ àmàlà. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní Duco jáde, tí General Motors sì fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924 ní àwọ̀ búlúù, ni ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ di ti wákàtí. Wọ́n ní torí kí ọkọ̀ lè yá jáde ní iléeṣẹ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ẹnì kan níbẹ̀ ní Ìyá Ìbejì tirẹ̀.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo bi ọ̀gá pé báwo ni ti Kámírì yìí ṣe jẹ́ tí eruku ò fi bà lé e rárá. Ó wò mí bí ọmọ kékeré.

"Ta ló sọ fún yín pé kò bà lé e? Ó bà lé e. A ò kàn fọwọ́ kàn án ni. Ìka tobi ju eruku lọ, sà; ẹ bá fẹ́ yọ eruku kan, ẹ ó fi ọgbẹ́ márùn-ún rọ́pò rẹ̀. A jẹ́ kó gbẹ pátápátá, a wá fi sáńpépà 2000 àti omi bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà a kó pọ́líìṣì bò ó."

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ọkọ̀ tó ń dán tí mo ti ń jowú lójú títì, sáńpépà ló ń bo àṣírí wọn.

Mo padà sílé, mo fi sáńpépà àti omi lé èrò orí ọkọ̀ mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì pinnu láti tún un fín. Ẹ má sọ pé kí n dúró de òjò kó pa eruku. Lóṣù July, ọ̀rinrin á wọ inú ọ̀dà tó ń yára gbẹ, ojú rẹ̀ á sì ṣú bí dígí tí èèyàn mí sí. Ọlọ́run ti pín ọdún wa sí méjì: oṣù tí eruku ń bá ọ̀dà jà, àti oṣù tí omi ń bá a jà.

Mo wá ohun tí mo máa fi bò ó. Páálí kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo lé e lọ, torí òwú ni páálí fúnra rẹ̀ ń hù jáde. Mo wo ibi tí ìyàwó mi ń kó kúlà sí. Kúlà iyán, tó tóbi, tí inú rẹ̀ ń dán, tí ìdérí rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo dúró, mo wẹ̀yìn wò, mo gbé e. Ìyá Ìbejì rí mi tí mo ń gbé kúlà lọ sí balùwẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo da omi sílẹ̀ balùwẹ̀, mo da sára ògiri, mo fi aṣọ tútù nu inú kúlà. Mo dúró díẹ̀ kí ohun tó ń fò lè balẹ̀. Mo ṣí fèrèsé kékeré òkè kí òórùn tínà inú ọ̀dà má baà pa mí, mo fi nǹkan bo imú, mo sì rí i pé kò sí àbẹ́là tàbí sítóòfù kankan nítòsí, nítorí tínà àti iná, tí wọ́n bá pàdé, wọn kì í kí ara wọn tán kí ilé tó jó. Òtútù ọyẹ́ pẹ̀lú omi ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí; mo sáré wọ súwẹ́tà búlúù mi àtijọ́, èyí tí ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí láti ọdún mẹ́ta pé kí n fi nu ilẹ̀. Mo mi agolo. Mo fín in. Sààà. Mo dúró. Sààà.

Bàbá onílé ń kọjá lọ pẹ̀lú ìgò omi àti pákò lẹ́nu. Ọmọ Adó pọ́ńbélé ni Bàbá, tó ń pe ilé ní ulé láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ sààà àkọ́kọ́, ó dúró. Ó gbọ́ ìkejì, pákò já bọ́.

"Ejò o! Ejò nínú ulé mi! Paramọ́lẹ̀ ni, mo gbọ́ èémí rẹ̀!"

Kí n tó la ẹnu, àdá ti dé, kẹrosíìnì ti dé, àwọn ìbejì méjèèjì ti gbé igi dé, ẹnì kan sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá!"

"Ṣé ó ti ṣán ọ?"

"Rárá o! Mò ń fín in ni!"

"Kí ló fín ọ?"

"Ọ̀dà! Ọ̀dà ni!"

"Ọ̀dá? Kí ló kan ọ̀dá nínú ọ̀rọ̀ ejò?" Bàbá bá ta ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn gbá ògiri, páànù òkè mì, gbogbo ohun tí aláǹtakùn ti kó jọ sí àjà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo gbé ìgò àti ọkọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sínú kúlà lẹ́ẹ̀kan náà, mo dé e, mo sì nà lé e lórí. Bí wọ́n ṣe bá mi nìyẹn: ṣòkòtò péńpé, súwẹ́tà, imú dídì, àyà lórí kúlà iyán. Ìyàwó mi wà láàárín èrò. Kò wo ojú mi. Kúlà rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo fi igi ìṣáná méjì gbé ìdérí sókè díẹ̀, kí òórùn tínà lè rí ọ̀nà jáde, kó má baà há sórí ọ̀dà. Mo búra pé n kò ní ṣí i fún wákàtí 24. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni mo ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo tan iná fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ọ̀dà kọjá, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí ohun tó fara pamọ́. Olósùnta ò sí. Orólè ò sí. Aláǹtakùn ò dé ibẹ̀, iyanrìn ọgbà ò dé ibẹ̀, Bodélé pàápàá ò ránṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe Ìyá Ìbejì. Mo wá yí ọkọ̀ padà sápá òsì.

Òwú mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta lórí òrùlé, wọ́n ká bí ekòló. Ọ̀kan lórí mọ́dígáàdì iwájú, ó dúró ṣánṣán. Mo sún mọ́ ọn. Àwọ̀ búlúù.

Mo wo òwú. Mo wo apá mi. Mo tún wo òwú.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mo ti pe Chad lẹ́jọ́, tí mo ti bá ìgbálẹ̀ jà, tí mo fẹ́ kí ewúrẹ́ Bàsírì máa rìn lórí ìka ẹsẹ̀, súwẹ́tà ọdún méjìlá ni mo wọ̀ tí mo fi na ọwọ́ lórí ọ̀dà tútù. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹjọ tí mo ṣí kúlà, tí mo tẹrí ba wò ó bí ìyá ìkókó, òun ni mo wọ̀. Mo lọ bẹ Ìyá Ìbejì. Mo ní mo ti fi ẹ̀sùn kàn án lọ́nà àìtọ́, pé ara mi ni eruku ti ń wá. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, Bàbá Módẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí n gbá yín."

Ti kúlà ò tíì tán nílẹ̀. Ìyàwó mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó sì gbé iyán sí i lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wa láti Ìfàkì. Àlejò bu òkèlè kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ lẹ fi gún eléyìí, àbí? Mo gbọ́ òórùn epo rẹ̀."

Mo fi sáńpépà yọ òwú mẹ́ta orí òrùlé. Èyí tó wà lórí mọ́dígáàdì, mo gbé ọwọ́ lé e, mo tún gbé ọwọ́ kúrò. Sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ni, ó tinrin, ọ̀dà ti mú un gan bí wáyà. Mo fi sílẹ̀, mo gbé ọkọ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá péńtà wá kí mi pẹ̀lú ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Sà, ẹ gbìyànjú o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ tiẹ̀ rántí éríà rédíò rẹ̀!"

"Ẹ ṣeun," ni mo dáhùn.

Ọmọṣẹ́ yẹn ò gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Sà, ṣé wọ́n ń ṣe éríà aláwọ̀ búlúù fún 504 nígbà yẹn ni?"

"Èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná ni."